Ẹ́ńjìnnì ń yí, àmọ́ mọ́tò kọ̀, kò sítáàtì: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbọ́ "rù-rù-rù-rù", ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹ wá ń retí pé kó gbaná, kò gbaná. Ẹ tún un ṣe, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé bátìrì ti kú tàbí pé sítátà ti bàjẹ́. Wọ́n á wá bátìrì mìíì, wọ́n á pe èèyàn kó wá bá wọn ti mọ́tò, àwọn míì tiẹ̀ ti pààrọ̀ sítátà tí kò ní àrùn kankan lára. Bẹ́ẹ̀, ariwo tí wọ́n gbọ́ yẹn gan-an ló ń gbèjà sítátà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé kó yí ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì á fi gbaná, tí á sì máa dá yí. Tó bá ti ń yí i dáadáa, ó ti ṣe tiẹ̀. Ìdí tí títi mọ́tò kì í fi í ranni lọ́wọ́ nìyẹn: iṣẹ́ sítátà làwọn tó ń ti í ń bá a ṣe, iṣẹ́ tí sítátà sì ń ṣe láìṣẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ pé "tá" kan ṣoṣo lẹ gbọ́, tàbí "tá-tá-tá-tá" tí ẹ́ńjìnnì kò sì mira rárá, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bátìrì, orí bátìrì tó dípẹtà, tàbí sítátà fúnra rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí là ń sọ níbí.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé mo ní kó máa yí "dáadáa". Bí sítátà bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnnì máa ń yí bí ìgbà 150 sí 250 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò lè kà á, àmọ́ etí yín mọ ìró tí mọ́tò yín máa ń ké láràárọ̀. Tí ìró náà bá ń falẹ̀, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń kú pátápátá nígbà tí sítátà ń yí, bátìrì kò tíì bọ́ nínú ẹjọ́. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6, kò sì yẹ kó já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 9.6 tí sítátà bá ń fa iná rẹ̀. Tó bá já kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè ṣì máa yí díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà mọ́tò, èyí táwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, lè má rí iná tó láti ṣiṣẹ́, iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta náà á sì rẹlẹ̀. Tó bá ń yí pẹ̀lú agbára, ẹ fi bátìrì àti sítátà sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibòmíì wò.

Ohun tí gbogbo wọn jọ gbára lé

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù nílò nǹkan mẹ́rin kó tó lè gbaná: afẹ́fẹ́, epo, iná látọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì, àti ìfúnpọ̀, ìyẹn ni pé kí pístìn lè ti afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ra títí wọ́n á fi há gádígádí. Gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sásìkò. Afẹ́fẹ́ kì í sábà fa wàhálà. Àsẹ́ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí máa ń mú kí mọ́tò lọ́ra, kì í sábà dá a dúró, àfi tí eku bá lọ kọ́lé sínú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tàbí tí rọ́bà ńlá tó gbé afẹ́fẹ́ náà bá ti yọ. Ó wá ku epo, iná àti ìfúnpọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú kẹ́ ẹ tó náwó. Sìlíńdà mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní púlọ́ọ̀gì tiẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní sì ní kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan (ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná alágbára tí púlọ́ọ̀gì ń ta) fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Tí púlọ́ọ̀gì kan bá kú, tàbí kọ́ìlì kan, sìlíńdà kan ló máa dákẹ́. Mọ́tò á máa gbọ̀n, á máa wúkọ́, agbára rẹ̀ á dínkù, àmọ́ á sítáàtì. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wá kọ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí gbogbo wọn jọ gbára lé ló ti ṣẹlẹ́ṣẹ̀. Pọ́ǹpù kan ló ń gbé epo fún gbogbo wọn. Sẹ́ńsọ̀ kan ló ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Fíúsì kan, rílè kan (switch kékeré tí iná ń tan tó sì ń pa), timing belt kan (bẹ́líìtì tó ń mú kí apá ẹ́ńjìnnì bọ́ sásìkò), kọ́kọ́rọ́ kan. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa wò. Ẹni tó bá sáré ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin nítorí pé mọ́tò tó rìn dáadáa lánàá kọ̀ láti sítáàtì lónìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó fowó ṣòfò. Mọ́tò àtijọ́ tó ní distributor, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ló yàtọ̀: kọ́ìlì kan ṣoṣo ló sábà máa ń fún gbogbo púlọ́ọ̀gì níná, torí náà kọ́ìlì kan tó kú lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Kẹ́ ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lè fẹ́ dójú tini, àmọ́ ẹ bi í: ṣé epo wà nínú táńkì? Géèjì epo máa ń parọ́, pàápàá nínú mọ́tò tó ti pẹ́. Tí mọ́tò bá sì dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwọ̀nba epo tó kù lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnu pọ́ǹpù má kàn án mọ́. Tó bá jẹ́ pé kété tẹ́ ẹ ra epo tán ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí epo náà. Omi lè wà nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti rọ dísẹ̀lì sínú mọ́tò tó ń lo pẹtiróòlù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí bó ṣe kú. Mọ́tò tó ń lọ geere tó ṣàdédé dákẹ́, bíi pé ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló sábà máa ń jẹ́, tàbí timing belt tó já. Èyí tó ń wúkọ́, tó ń fà sẹ́yìn lórí òkè kó tó kú, ọ̀rọ̀ epo ló sún mọ́. Èyí tó máa ń kú tó bá gbóná, tó kọ̀ láti sítáàtì, àmọ́ tó tún gbà lẹ́yìn tó ti sinmi tó sì tutù, ìtàn tiẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ èyí fún mẹkáníìkì. Ẹni tó jókòó sídìí sítíàrìn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní iná kékeré kan tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí àgádágodo. Ẹ̀rọ bíńtín kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò máa ń dá mọ̀ kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Ní Yúróòpù, láti ọdún 1998 ni òfin ti ní kí àwọn mọ́tò tuntun ní irú ààbò yìí. Tí mọ́tò kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, nínú ọ̀pọ̀ wọn, sítátà á ṣì máa yí, àmọ́ brain box á pa epo tàbí iná, tàbí kó pa méjèèjì. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sítáàtì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí wọ́n tó kú. Tí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú léraléra nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbìyànjú, ẹ lọ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá. Tó bá jẹ́ irú kọ́kọ́rọ́ tí wọn kì í fi bọ ihò, bátìrì kékeré inú rẹ̀ lè ti kú. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, tẹ́ ẹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ náà sún mọ́ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń sítáàtì, á dá a mọ̀.

Epo: ẹ fetí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan

Ẹ pa rédíò àti fáànù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má yí i dé ibi tí sítátà ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń fi injector fọ́n epo, pọ́ǹpù inú táńkì máa ń ké "húnnn" fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, á sì dákẹ́. Apá ìjókòó ẹ̀yìn ni ìró náà ti sábà máa ń jáde. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, iná ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ má tíì sọ pé pọ́ǹpù ti kú, torí àwọn mọ́tò kan wà tí pọ́ǹpù wọn kì í ké títí sítátà fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ẹ ṣí àpótí fíúsì, ẹ yọ ti pọ́ǹpù, ẹ wò ó bóyá irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti já. Rílè rẹ̀ náà wà níbẹ̀ tàbí nítòsí. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú rílè kan náà ni wọ́n fi sí họ́ọ̀nù. Tí nọ́ńbà ara wọn bá dọ́gba, ẹ fi ti họ́ọ̀nù sí àyè ti pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Kò ná yín lówó kankan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àbá tí àwọn alágbọ̀ọ́sọ máa ń dá lọ. Àwọn mọ́tò Ford kan tún ní switch tó máa ń pa pọ́ǹpù tí nǹkan bá kọlu mọ́tò náà. Kòtò tó le lásán lè mú un ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló wà lórí rẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ padà. Ìwé mọ́tò ló máa sọ ibi tó wà.

Ṣùgbọ́n o, pé pọ́ǹpù ń ké kò fi hàn pé epo ń dé bó ṣe yẹ. Pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ lè máa ké kó má lè ti epo, àsẹ́ epo sì lè ti dí. Ohun tó máa gé iyèméjì ni géèjì tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀nà epo. Ní ọ̀pọ̀ mọ́tò tí injector wọn ń fọ́n epo sí ẹnu ọ̀nà sìlíńdà, ó yẹ kó fi nǹkan bíi 40 sí 60 psi hàn (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí nǹkan fi ń tini), iye gan-an sì wà nínú ìwé mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò tó ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà tún ní pọ́ǹpù kejì tó lè ti epo náà kọjá 2,000 psi. Ẹ má fọwọ́ ara yín tú páìpù ibẹ̀ láé, ó lè gún awọ ara wọlé.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi ìdí ọwọ́ gbá abẹ́ táńkì nígbà tí ẹnì kan ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí mọ́tò bá sítáàtì lẹ́yìn náà, a jẹ́ pé pọ́ǹpù ti ń kú lọ nìyẹn. Ẹ má rò pé ara rẹ̀ ti yá o. Ó kàn fún yín láyè láti dé ibi tẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Iná, àti sẹ́ńsọ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ

Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí mọ́tò òde òní máa yí láì sítáàtì, èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni crank sensor. Ó kéré, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló sì sábà máa ń wà, níbi tí ooru àti ọ́ìlì ti ń bá a fínra. Ó ń wo irin róbótó eléyín kan tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, òun ló sì ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ti ń yí, àti ibi tí pístìn dé. Tí kò bá sọ̀rọ̀, lójú brain box, ẹ́ńjìnnì dúró gbagidi. Kò ní ní kí kọ́ìlì ta iná. Kò ní ní kí injector fọ́n epo. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò tún ní jẹ́ kí pọ́ǹpù máa bá iṣẹ́ lọ. Sẹ́ńsọ̀ kan péré ló pa iná àti epo pọ̀. Èèyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ pọ́ǹpù, kó pààrọ̀ kọ́ìlì, kó ra púlọ́ọ̀gì, kí ẹni tó jẹ̀bi gan-an ṣì jókòó síbi tó wà.

Òun náà ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń kú tó bá gbóná. Wáyà tín-ín-rín wà nínú ọ̀pọ̀ irú sẹ́ńsọ̀ yìí. Tó bá ti ń bàjẹ́, ooru á mú un gbòòrò, á já níbì kan, tó bá tutù á tún kanra. Mọ́tò á wá sítáàtì níwájú mẹkáníìkì bíi pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ lè fi ojú lásán wá àmì rẹ̀. Ẹ wo géèjì RPM, èyí tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí sítátà ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbéra díẹ̀, bíi 200. Tí kò bá kúrò lórí òdo rárá, sẹ́ńsọ̀ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà ó dáa kẹ́ ẹ wo tiyín lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe máa ń ṣe.

Ní ti wíwò bóyá púlọ́ọ̀gì ń ta iná, irinṣẹ́ kékeré kan wà fún un, kò sì wọ́n. Àwọn tó ń yọ wáyà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú un sún mọ́ irin, ń fi ẹ̀mí wéwu: iná tó ń jáde lára kọ́ìlì lè kọjá fóltì 20,000.

Tí òórùn pẹtiróòlù bá gba gbogbo ibẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Epo ti pọ̀ jù nínú sìlíńdà, púlọ́ọ̀gì ti tutù rinrin, wọn ò lè ta iná mọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sítáàtì mọ́tò, tó sún un síwájú díẹ̀, tó sì pa á lójú ẹsẹ̀, tàbí ẹni tó ti yí kọ́kọ́rọ́ títí tó sú u. Ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ní injector, brain box á mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ, á dá epo dúró, afẹ́fẹ́ nìkan á máa wọlé. Tó bá fẹ́ gbaná, ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó ń yí wéré jù

Ẹ padà sórí ìró. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáṣá fi ń ké "rù-rù-rù-rù" ni pé gbogbo ìgbà tí pístìn kan bá ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sítátà máa ń gbìyànjú díẹ̀ kó tó kọjá ibẹ̀. Tí ìró náà bá wá di "wììììì" tó ń lọ gbọọrọ, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí kíákíá ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, kò sí ohun tó ń dá sítátà dúró mọ́, ìfúnpọ̀ ti lọ. Ó ṣeé ṣe kí timing belt ti já. Òun ló so apá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ àwọn fáàfù òkè kí wọ́n lè máa ṣí kí wọ́n sì máa pa dé lásìkò. Tó bá já, àwọn fáàfù á dúró lójú kan, pístìn á ṣì máa lọ sókè sódò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pístìn á kọlu fáàfù, á tẹ̀ ẹ́ wọ́. Níbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró yìí, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ kí wọ́n ṣí ìbòrí belt wò. Géèjì ìfúnpọ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó dájú: ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó dá máa ń wà láàárín 120 sí 200 psi, èyí tó bá ti wà nísàlẹ̀ 100 ń ṣàìsàn.

Sìkánà kì í ṣe babaláwo

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996 ni wọ́n ti fi ojú ihò kan náà sí gbogbo mọ́tò tuntun fún sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù tí brain box kọ sílẹ̀. Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún mọ́tò tó ń lo pẹtiróòlù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Nọ́ńbà àléébù ló máa gbé jáde: P0335 ń tọ́ka sí crank sensor, P0230 sí iná tó ń lọ sídìí pọ́ǹpù epo, P0087 sí epo tí agbára rẹ̀ kò tó, P0513 sí kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò kò dá mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọ̀nyí kò ní kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan náà. P0335 lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti fi sẹ́ńsọ̀ bọ wáyà tó ti dípẹtà. Tí sìkánà kò bá sì rí nǹkan kan, ìyẹn kò sọ pé mọ́tò kò ní àléébù. Pọ́ǹpù tó kú nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í fi nọ́ńbà kankan sílẹ̀. Tí sìkánà kò bá wá rí brain box bá sọ̀rọ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì àti wáyà tó ń gbé iná lọ bá a.

Mọ́tò tó ń lo dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Ìfúnpọ̀ ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná títí epo á fi gbaná. Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí èéfín kankan kò bá jáde, epo kò dé inú, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà epo, pàápàá tí epo bá ti tán nínú rẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àsẹ́ epo. Tí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé, kò kàn gbaná ni. Ẹ wo glow plug tó ń mú inú rẹ̀ gbóná láàárọ̀ tí òtútù bá wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n starting fluid, ìyẹn oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì gbaná, sínú ẹ́ńjìnnì tó ní glow plug, ó lè bú gbàù.

Ohun yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ má yí sítátà kọjá bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Sítátà tó gbóná jù máa ń jó, bátìrì tó dá ṣáṣá nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ á sì rọ, àléébù kan á wá di mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ti wo àwọn nǹkan tó wà lókè yìí tí kò sì yanjú, ẹ pe mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ má kàn sọ fún un pé mọ́tò kò sítáàtì. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ó ń yí pẹ̀lú agbára. Mo gbọ́ ìró pọ́ǹpù. Iná kọ́kọ́rọ́ kò ṣẹ́jú. Ọwọ́ RPM máa ń gbéra tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò gbéra mọ́. Ó gbóná ni, ó ṣàdédé kú." Tí ẹni tẹ́ ẹ sọ gbogbo èyí fún bá ṣì kọ́kọ́ dárúkọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wá ẹlòmíì.